Ta Ni Ọ̀gá Lójú Ọ̀nà Lọ́jọ́ Ìjàǹbá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a kò bá tọ́jú sílé, a kò lè rí i lò lóde. Ìdánwò ti ń parí lọ, olúkúlùkù ti ń di ẹrù, ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ kí a tó túká. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó ọjọ́ àṣà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá, ogún tàbí ọgbọ̀n bá kọlu ara wọn lójú títì márosẹ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Ta sì ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ní ojú tiwa, ìbéèrè kẹta yìí ni orílẹ̀-èdè wa kò tíì dáhùn dáadáa, àìdáhùn rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń pa wá lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lọ. Ọmọ tí a bí sí òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wa. Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì ni a ti lajú, ibẹ̀ ni àwọn òbí wa ti ń ṣòwò tàbí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí a bí sí Òṣogbo lè má rìn ju ìrìn wákàtí kan lọ kí ó tó fojú kan ìyá ìyá rẹ̀. Ní tiwa, odindi ọjọ́ kan ni. Ọdún Kérésì, ọdún Iléyá, ìsìnkú bàbá àgbà, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n, inú bọ́ọ̀sì ni a ń gbà dé ìdí gbogbo rẹ̀. Títì yìí ni okùn tí ó so wá mọ́ orísun wa. Bí okùn náà bá já, àwa ni a já sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu rin ọ̀nà náà. Bí a bá kúrò ní Kàdúná tí a dorí kọ Abùjá, a ó kọjá ní oríta Dikko ní ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àjọ NEMA ti sọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń fa epo náà sínú ọkọ̀ mìíràn nígbà tí iná sọ. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n wá gbọ́n epo wà níbẹ̀ pìtìmù. Àwọn tí ó kú lé ní 80. Bí a bá kọjá Abùjá, a ó dé Lọ́kọ́ja. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan tí ìjánu rẹ̀ kò gbọ́ mọ́ já lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Fẹlẹlẹ, ó sì gbiná. Àwọn tí ó kú lé ní 20. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa wà nínú wọn, ọmọ kékeré tí ń lọ sí ilé ìwé sì wà nínú wọn. Bí a bá kọjá Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ tí a dé ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ọkọ̀ agbépo ti já lu ọkọ̀ tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2000. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kú. Bí a bá sì forí ti ọ̀nà wọ Èkó, a ó gba orí afárá Ọtẹ́dọlá, níbi tí ọkọ̀ tí ó lé ní 50 ti jóná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, tí ènìyàn mẹ́sàn-án sì kú.

Ẹ wo ibi mẹ́rin lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí à ń gbà relé! Ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣòro kan náà ni àwọn tí ó fẹ́ gba ènìyàn là bá pàdé: ọkọ̀ pọ̀, ènìyàn pọ̀, epo wà nílẹ̀, àkókò kò sì sí.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìjàǹbá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ìjàǹbá kan. Ìjàǹbá púpọ̀ ni, tí ó ń bí ara wọn. Tírélà kan dúró lójijì nínú ọyẹ́ tàbí nínú èéfín igbó tí wọ́n dáná sun. Bọ́ọ̀sì kan rọ́ lù ú. Ọkọ̀ kékeré méjì rọ́ lu bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ agbépo sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, kò mọ ohun tí ó wà níwájú. Ẹni tí orí kó yọ nínú ìkọlù àkọ́kọ́, tí ó sọ̀kalẹ̀ láti wo ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè pa ẹni tí ó wá ṣàánú.

Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn rere ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó wà lóko nítòsí, ọlọ́kadà, èrò ọkọ̀ mìíràn. A kò ní bú wọn láéláé, nítorí pé àìmọye ènìyàn ni ó wà láàyè lónìí nítorí tiwọn. Ṣùgbọ́n àánú tí kò ní ètò lè di ìpalára. Wọn a máa fa ènìyàn ní apá láti ojú fèrèsé, nígbà tí egungun ọrùn rẹ̀ ti sán. Ẹni tí ó ń pariwo jù ni wọn a kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ a sì dákẹ́ síbẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Àwọn awakọ̀ tí ó wà lẹ́yìn kì í fẹ́ dúró; wọn a gba ojú ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀, kò sì ní pẹ́ tí ìhà méjèèjì yóò fi dí pa. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná bá dé, kò ní rí ibi gbà kọjá.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó rí? Àwọn panápaná tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú káàkiri ayé ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Èkíní, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìwà ìkà létí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀gá ikọ̀ àkọ́kọ́ bá kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún mìíràn wà níwájú, tàbí pé epo ti ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìkẹtàlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ibẹ̀ já, kí ó ka ọkọ̀, kí ó mọ ibi tí epo wà, kí ó sì fi rédíò sọ fún àwọn tí ń bọ̀ pé ohun báyìí ni a nílò, ọ̀nà báyìí ni kí ẹ gbà wọlé. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òun ni ọ̀gá títí ẹni tí ó jù ú lọ yóò fi dé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, wọn a dí ọ̀nà. Ọkọ̀ panápaná fúnra rẹ̀ ni wọn a gbé dábùú títì, kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ má baà rọ́ lu àwọn tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ epo. Èéfín bẹntiróòlù tí ojú kò rí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń rìn, a máa wọ inú gọ́tà, a sì lè lọ bá iná níbi tí ó jìnnà. Nítorí náà, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ni wọ́n ń gbà wọlé, wọn kì í gbà á láti ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Omi lásán kò kápá epo tí ó ń jó, nítorí pé epo a máa léfòó lórí omi, a sì máa bá a ṣàn lọ. Fóòmù tí ó ń hó bí ọṣẹ ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Títí epo yóò fi di bíbò mọ́lẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ọ̀kadà, kò sí àwọn tí ń wòran.

Ẹ̀kẹrin, wọn a pín ojú ìjàǹbá sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ikọ̀ kan a gba apá kan, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan a ní olórí tirẹ̀, àwọn olórí wọ̀nyí nìkan ni ó sì ń jábọ̀ fún ọ̀gá àgbà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tú wò tán, wọn a sàmì sí i lára, kí ẹlòmíràn má baà fi àkókò ṣòfò níbẹ̀, kí wọ́n má sì fo ọkọ̀ kankan dá. Àwọn ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé kò gbọdọ̀ já wọ àárín. Ibì kan wà lókèèrè tí wọn yóò ti dúró títí a ó fi pè wọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, wọn a ya àwọn tí ó farapa sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1983, àwọn panápaná ìlú Newport Beach ní Kalifóníà àti ilé ìwòsàn Hoag tí ó wà níbẹ̀ gbé ìlànà kan jáde tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Wọn a kọ́kọ́ kígbe pé kí ẹni tí ó bá lè rìn rìn lọ sí ibi báyìí. Àwọn wọ̀nyẹn ni aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà, wọn a wo bí àwọn tí ó kù ti ń mí, bí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń lọ, àti bóyá wọ́n lè ṣe ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe. Ìṣẹ́jú kan kì í pé lórí ẹnì kan. Aláwọ̀ pupa ni ẹni tí yóò kú bí a kò bá tètè gbé e. Yẹ́lò lè dúró díẹ̀. Dúdú ni ẹni tí a kò lè ràn lọ́wọ́ mọ́. Báyìí ni ẹni tí kò lè pariwo fi ń rí ìtọ́jú ṣáájú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn bó.

Ẹ̀kẹfà ni yíyọ àwọn tí irin há mọ́. Wọn a fi igi ti ọkọ̀ kí ó má baà yí, wọn a yọ okùn bátìrì, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó lo ẹ̀rọ tí ń gé irin tí ó sì ń la ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ni wọ́n ń mú kúrò lára ènìyàn. Wọn kì í fa ènìyàn yọ lára ọkọ̀.

Ẹ kò ha rí i pé púpọ̀ nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, ètò ni ó gbà ju owó lọ? Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2021, ọkọ̀ 133 kọlu ara wọn lórí yìnyín ní Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Tírélà gun orí ọkọ̀ kékeré. Ènìyàn mẹ́fà ni ó kú. Ọ̀fọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye ọkọ̀ wé iye òkú. Òótọ́ ni pé wọ́n ní irin iṣẹ́ tí a kò ní, òótọ́ sì ni pé iná kò sọ níbẹ̀ bíi ti Dikko. Síbẹ̀, wọ́n ń tú ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣètò ibì kan tí àwọn ẹbí ti lè wá bá àwọn ènìyàn wọn, dípò kí gbogbo ayé ya lu ojú títì.

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe pé a kò ní àjọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. NEMA ti wà láti ọdún 1999. Panápaná ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà. Ọlọ́pàá wà, sífú dìfẹ́ǹsì wà. Aṣọ oríṣiríṣi mẹ́fà lè pé jọ sí ojú ìjàǹbá kan. Ṣùgbọ́n ọba kì í pé méjì láàfin. Bí ọ̀gá bá pọ̀ tó aṣọ, ẹnì kan yóò ní kí ẹ sún ọkọ̀ náà kúrò kí ọ̀nà lè ṣí, ẹnì kejì yóò ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, àwọn èrò yóò sì máa gbọ́n epo lọ láàárín àríyànjiyàn wọn.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ju mẹ́rin lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo àjọ sì fọwọ́ sí i, pé níbi tí iná tàbí epo bá wà, ọ̀gá panápaná ni ọ̀gá gbogbo ènìyàn títí ewu náà yóò fi kúrò nílẹ̀. Kí àgọ́ panápaná má ṣe jẹ́ ti ìgboro nìkan. Kí wọ́n kọ́ ọ sí àárín ọ̀nà, láàárín ìlú sí ìlú, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń sáré jù, ibẹ̀ sì ni ó jìnnà sí olùrànlọ́wọ́ jù. Kí ibùdó omi wà lójú ọ̀nà, nítorí pé omi inú ọkọ̀ panápaná kì í pẹ́ tán bí wọ́n bá ti ṣí i. Kí àwọn àjọ wọ̀nyí sì máa ṣe ìdánrawò pọ̀ lójú títì, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì, kí wọ́n tó pàdé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àwọn kan yóò ní àdúrà ni ó gbà. Àwa náà ń gbàdúrà. Kò sí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa tí ó gbéra rí láìjẹ́ pé a ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ Ọlọ́run kí òun má jìn sí kòtò, ó yẹ kí ó la ojú sílẹ̀ bí ó ti ń rìn. Àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì lé àwọn dẹ́rẹ́bà oníwà pálapàla kúrò lójú títì. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Àtúnṣe ọ̀nà yóò dín ìjàǹbá kù, kò ní pa á rẹ́. Àwọn ẹ̀kẹta yóò ní panápaná kì í tètè dé, tí wọ́n bá sì dé, omi a tán. Òótọ́ ọ̀rọ̀! Ṣùgbọ́n òkò tí a ń sọ lù wọ́n kò bu omi sínú ọkọ̀ wọn rí. Ẹni tí àgọ́ rẹ̀ wà ní ìrìn wákàtí kan sí ojú iná, kódà bí ó bá fò, yóò pẹ́.

Ó kù síbi tiwa. Kí panápaná tó dé, àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ni panápaná. Nítorí náà, a fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò tí ó ń bọ̀ fọwọ́ sí nǹkan wọ̀nyí kí bọ́ọ̀sì kankan tó gbéra lórúkọ ẹgbẹ́:

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, ó kéré tán, nínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ti gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa tàbí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

2. Kí orúkọ gbogbo èrò ọkọ̀ àti nọ́ńbà ẹbí wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé kí ọkọ̀ tó ṣí.

3. Kí àpótí kan wà nínú ọkọ̀: tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, ọ̀bẹ tí a lè fi gé bẹ́líìtì, ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀, àti ègé aṣọ aláwọ̀ mẹ́rin. Àjákù ankárá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ránṣọ kò ní gbowó lọ́wọ́ wa.

4. Kí gbogbo wa mọ nọ́ńbà 112, àti 122 tí í ṣe ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, sórí. Ẹni tí ó bá pè é, kí ó sọ ibi tí ó wà, iye ọkọ̀, àti bóyá ọkọ̀ agbépo wà níbẹ̀, kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn.

5. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe sún mọ́ ọkọ̀ agbépo tí ó ṣubú, ì báà ṣe láti wòran. Ní Màjíyà, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn tí ó lé ní 150 kú sí ìdí epo tí ó dà sílẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ìkarùn-ún yìí, Ọlọ́run fún àwa ọmọ òkè Ọya ní ẹ̀bùn kan tí àwọn ará ilé kò ní. Wọ́n máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá wa ní Hausa nínú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní Dikko tàbí ní Màjíyà, ẹni tí ó bá kígbe ní Yorùbá pé kí wọ́n sá, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n “Ku matsa baya!” tí ó bá ti ẹnu wa jáde ní ohùn ẹni tí a bí síbẹ̀, ìyá tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání yóò gbọ́ ọ, yóò sì sún sẹ́yìn.

Ní ìparí, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ọ̀kan sí panápaná ìjọba àpapọ̀, ọ̀kan sí ti ìpínlẹ̀, ọ̀kan sí NEMA. Ìbéèrè kan ni kí ó wà nínú rẹ̀: bí ogún ọkọ̀ bá kọlu ara wọn lónìí láàárín Kàdúná sí Lọ́kọ́ja, ta ni ọ̀gá? Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra, a ó dúpẹ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé yìí. Bí wọn kò bá jọra, a ó tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè rí i.

Kí ẹsẹ̀ gbogbo wa gbe o. A ó lọ, a ó sì bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí ìpàdé kí ẹ tó lọ.